Ẹ má tíì fọ́ọ̀mátì ẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe lè wá ìdí tí kọ̀ǹpútà ilé yín ò fi tàn dáadáa, tàbí tí Windows fi ń ní òun ò tíì activate

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà yín fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ìyẹn kó pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, ẹ ka èyí tán ná. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́ mi. Ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ti tàn án, sikirínì á dúdú, ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ á jáde pé kí wọ́n tẹ F1, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ Windows á wọlé o, ṣùgbọ́n déètì tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún á ti padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Wọ́n gbé e fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, onítọ̀hún ní Windows ló bàjẹ́, ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ó fi tuntun sí i, gbogbo fọ́tò màmá wa tó wà níbẹ̀ sì bá a lọ. Nígbà tó dọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ funfun yẹn tún jáde, Windows tuntun náà wá tún ń sọ pé òun ò lè activate, ìyẹn ni pé kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun ní lísẹ́ǹsì tó tọ́. Bátìrì róbótó kékeré tó wà lórí motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ló ti kú. Òun nìkan ni. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ "Activate Windows" tó máa ń wà ní igun sikirínì yẹn, làpálàpá ni, kò ní kí kọ̀ǹpútà má ṣiṣẹ́, ohun tó máa dí yín lọ́wọ́ jù ni pé ẹ ò ní lè pààrọ̀ àwọ̀ àti fọ́tò ẹ̀yìn sikirínì láti inú Settings. Hard disk tó ń kú lọ, tó sì gbé fáìlì ọdún mẹ́wàá dání, ẹ̀tẹ̀ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí

Kọ̀ǹpútà kì í kàn tàn lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀. Iná ló máa kọ́kọ́ wọlé, motherboard á jí, á yẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti kíbọ́ọ̀dù àti disk wò, lẹ́yìn náà ló máa wá disk tí Windows wà lórí ẹ̀, disk yẹn á gbé Windows dìde, Windows á wá gbé ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù jáde, ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé tán pátápátá ni ọ̀rọ̀ lísẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti dúró nínú ìrìn yẹn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ẹ má fo ibì kankan. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ohunkóhun tó bá wà lójú sikirínì, pàápàá tó bá jẹ́ kóòdù, torí ó lè má dúró ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Kẹ́ ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan: kí ló yí padà láàárín àná sí òní? Ṣé àpdéètì wọlé ni, ṣé wọ́n fi RAM tuntun sí i, ṣé iná lọ lójijì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹnì kan ki flash bọ̀ ọ́ tí ò yọ ọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Tí ò bá tiẹ̀ tàn rárá

Ẹ fi nǹkan míì dán ibi tẹ́ ẹ ti ń ki wáyà bọ iná wò. Tó bá jẹ́ désìkítọ́ọ̀pù, bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ níbi tí wáyà iná ń wọlé, ẹ wò ó bóyá ó ti di pípa. Tó bá jẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, tí bátìrì ẹ̀ bá jẹ́ irú tó ṣeé yọ, ẹ yọ òun náà, ẹ di bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mú fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ki ṣájà nìkan, ẹ tàn án. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Tí fáànù bá ń pariwo ṣùgbọ́n tí sikirínì ò gbé nǹkan kan, ẹ yẹ wáyà tó lọ sí sikirínì wò, lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín má bàa ba nǹkan jẹ́, ẹ yọ RAM kẹ́ ẹ tún un fi sí i kó wọlé dáadáa. Tó bá jẹ́ méjì ni RAM yẹn, ẹ fi ẹyọ kan dán an wò, lẹ́yìn náà ìkejì. Tó bá ń ké píì-píì, ẹ ka iye ìgbà tó ké, torí iye yẹn ní ìtumọ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíì, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹpútà yín gan-an.

Tó bá ní òun ò rí ibi tí Windows wà

Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni "No bootable device", tàbí "Operating system not found", tàbí "Reboot and select proper boot device". Kó tó di pé ẹ̀rù bà yín, ẹ yọ gbogbo flash, memory card àti hard disk àfikún tó wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ó lè jẹ́ pé flash lásán ló ń gbìyànjú láti fi dìde.

Tí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ wọ inú BIOS, ìyẹn ètò inú motherboard tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tàn án ni kẹ́ ẹ máa tẹ F2 tàbí Del léraléra, àwọn HP máa ń lo F10 tàbí Esc. Nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀ ni bóyá orúkọ disk yín hàn. Tí ò bá hàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lára Windows nìyẹn, wáyà disk lè ti yẹ̀, disk fúnra ẹ̀ sì lè ti kú, kò sí iye ìgbà tẹ́ ẹ lè tún Windows fi tó máa wo irú ẹ̀ sàn. Tó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí, tẹ́ ẹ wá ń gbọ́ tó ń dún kà-kà-kà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án mọ́ títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ fáìlì kúrò lára disk tó ń kú, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún tàn án ló ń bàjẹ́ sí i.

Tí orúkọ disk bá hàn, ẹ lọ síbi Boot, kẹ́ ẹ rí i pé "Windows Boot Manager" ló wà lókè pátápátá. Ẹ wá wo déètì. Tí déètì bá ti sá padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn nìyẹn. CR2032 ni wọ́n ń pè é lórí ọ̀pọ̀ désìkítọ́ọ̀pù, fóltì 3 (3V) ni, òun ló ń jẹ́ kí motherboard rántí aago nígbà tí kò bá sí iná, lórí àwọn tó ti pẹ́ òun náà ló ń pa ètò inú BIOS mọ́. Nígbà tó bá kú, ètò lè padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: disk tó ti ń lo AHCI lè bá ara ẹ̀ lórí RAID (ọ̀nà méjì tí motherboard ń gbà bá disk sọ̀rọ̀ nìyẹn), Windows á wá máa dá "INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE" sílẹ̀ bí ẹni pé òun ló bàjẹ́, tàbí kí UEFI di Legacy (ọ̀nà tuntun àti àtijọ́ tí wọ́n ń gbà gbé Windows dìde), kó wá ní òun ò rí ibi tí Windows wà. Ẹ dá ètò yẹn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ó parí. Ẹ ṣáà má máa yí nǹkan tẹ́ ò mọ̀ nínú BIOS, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan níbẹ̀, ojú ìwé búlúù kan lè jáde tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker. Ẹ má páyà. BitLocker ló ń ti fáìlì yín pa kí olè má bàa kà á, ó rí i pé nǹkan yàtọ̀, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni. Nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ń tò ó, ó ṣeé ṣe kó wà nínú àkáǹtì yẹn, ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo kọ́kọ́rọ́ yín lónìí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí tí kò bá sí i, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí fáìlì yẹn, Microsoft gan-an ò lè ṣí i.

Tí Windows bá bẹ̀rẹ̀ tí ò dé ibi kankan

Òbìrìkìtì kékeré yẹn á máa yí, á máa yí, tàbí kó tàn kó tún pa, tàbí kí sikirínì búlúù jáde. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé ni ojú ìwé àtúnṣe Windows. Tẹ́ ẹ bá ṣì lè dé ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù, ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tẹ Restart. Tẹ́ ò bá lè dé ibẹ̀, ẹ tàn án, bí òbìrìkìtì bá ti ń yí ẹ di bọ́tìnnì iná mú títí á fi kú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta ó yẹ kó fúnra ẹ̀ gbé "Preparing Automatic Repair" jáde. Ẹ wá tẹ Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí. Startup Repair ni mo máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́, kì í ba nǹkan jẹ́, nígbà míì ó máa ń yanjú ẹ̀, nígbà míì á ní òun ò rí nǹkan ṣe, kò burú. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn àpdéètì ló bẹ̀rẹ̀, Uninstall Updates. Tí ìyẹn náà ò bá ṣe é, System Restore, tó máa gbé ètò Windows padà sí ọjọ́ kan tó ṣì dáa, kò ní fọwọ́ kan fọ́tò àti ìwé yín, àwọn áàpù, àpdéètì àti dráífà (sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Safe Mode: ẹ tẹ Startup Settings, Restart, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 4, tàbí 5 tẹ́ ẹ bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Safe Mode máa ń gbé Windows dìde pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ tó pọn dandan nìkan, tó bá wọlé níbẹ̀ tí ò wọlé lọ́nà tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀, á jẹ́ pé dráífà tàbí sọ́fúwíà kan ló ń dá a dúró, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ fi sí i gbẹ̀yìn. Ẹ ò gbàgbé 19 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí àpdéètì sọ́fúwíà ààbò CrowdStrike mú kí kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 má lè tàn káàkiri ayé? Windows ò bàjẹ́ nínú èyíkéyìí lára wọn, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ní káwọn èèyàn wọ Safe Mode lọ pa rẹ́. Ẹ fojú inú wo iye ẹni tí ì bá pàdánù iṣẹ́ wọn ká ní fọ́ọ̀mátì ni wọ́n sáré sí.

Kẹ́ ẹ tó tẹ àṣẹ kankan, ẹ gbé fáìlì yín kúrò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù. Nínú Advanced options yẹn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ojú ìwé dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `notepad` kẹ́ ẹ tẹ Enter. Notepad á ṣí. Ẹ tẹ File, Open, ẹ yí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sí All Files, ẹ máa rí gbogbo disk àti fódà yín níbẹ̀ bí ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ki flash tàbí hard disk àfikún bọ̀ ọ́, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà tẹ́ ẹ fẹ́, Copy, ẹ lọ sórí flash, Paste. Kò ní fi hàn yín bó ṣe ń lọ sí, á kàn dúró gbọnin bí ẹni pé ó ti há, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó parí. Ká ní mo mọ èyí nígbà yẹn ni, àwọn fọ́tò yẹn ì bá ṣì wà.

Nígbà tí fáìlì bá ti bọ́ sí ibi tó fọkàn balẹ̀, ẹ wá lè tẹ àṣẹ. Ẹ ṣọ́ra o, lẹ́tà disk níbí lè yàtọ̀, C yín lè ti di D, ojú Notepad yẹn náà lẹ ti máa mọ̀. Ká ní C ṣì ni:

`chkdsk C: /f` ló máa yẹ disk wò táá sì tún ohun tó bá yẹ̀ ṣe. Ẹ lè fi `/r` kún un kó wá ibi tó ti bàjẹ́ lára disk, ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má sì ṣe é fún disk tó ń dún kà-kà-kà, ó lè jẹ́ òun ló máa pa á.

`sfc /scannow /offbootdir=C:\ /offwindir=C:\Windows` ló máa pààrọ̀ fáìlì Windows tó bá ti bàjẹ́.

`bcdboot C:\Windows` ló máa tún fáìlì tó ń gbé Windows dìde kọ, èyí ló máa ń gbà mí jù tí disk bá hàn nínú BIOS tí Windows ò sì dìde.

Tó bá wọlé ṣùgbọ́n tí sikirínì dúdú tí ẹ ń rí atọ́ka máòsì nìkan, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ yan Run new task, ẹ tẹ `explorer.exe`. Tí atọ́ka gan-an ò bá sí, ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀, ó máa ń jí dráífà àwòrán.

Ó ti wọlé, ó wá ku lísẹ́ǹsì

Nísinsìnyí la wá lè kojú làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì àti aago, kò ní rẹ̀ mí láti sọ ọ́, torí tí déètì bá ti yẹ̀, sáfà Microsoft (kọ̀ǹpútà wọn tó ń yẹ lísẹ́ǹsì wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) àti kọ̀ǹpútà yín ò ní gba ara wọn gbọ́, kóòdù 0x80072F8F ló sì máa ń jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, System, Activation. Tó bá jẹ́ Windows 10, Settings, Update & Security, Activation. Ẹ wo bóyá Windows Home ni tàbí Windows Pro, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí lísẹ́ǹsì Home ò lè ṣí Pro, ọ̀pọ̀ àwọn tó tún Windows fi, Pro ni wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ Home láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n á wá máa ní kọ́kọ́rọ́ lísẹ́ǹsì àwọn (product key) ò ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú lísẹ́ǹsì yín, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `slmgr /dli`. Tẹ́ ẹ bá rí OEM, ó bá kọ̀ǹpútà wá ni, motherboard yẹn ló ni ín, kò lè lọ sórí kọ̀ǹpútà míì. RETAIL túmọ̀ sí pé ẹ rà á lọ́tọ̀, òun ṣeé gbé lọ. Tẹ́ ẹ bá rí KMS lórí kọ̀ǹpútà ilé tí kì í ṣe ti iṣẹ́ tàbí ti iléèwé, á jẹ́ pé ẹni tó fi Windows yẹn sí i kò fún yín ní lísẹ́ǹsì tiyín, ti ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ọjọ́ 180 ló ń lò kó tó ní láti tún un gbà, 0xC004F074 sì ni kóòdù tó máa ń gbé jáde tí kò bá rí sáfà rẹ̀.

Tó bá jẹ́ 0xC004F211 tàbí 0xC004F213 lẹ rí, Windows rò pé kọ̀ǹpútà míì ni, tàbí pé òun ò rí kọ́kọ́rọ́ lísẹ́ǹsì kankan lórí ẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ motherboard. Tí lísẹ́ǹsì yín bá ti so mọ́ àkáǹtì Microsoft tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Troubleshoot ní ojú ìwé Activation yẹn, ẹ yan "I changed hardware on this device recently", ẹ wọlé sínú àkáǹtì, ẹ mú orúkọ kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ Activate. 0xC004C008 ní tiẹ̀ ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà lórí kọ̀ǹpútà míì. Tẹ́ ẹ bá ra kọ́kọ́rọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó wá gbé èyí jáde, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún ti tà á fún ẹlòmíì, ẹ ní kó dá owó yín padà.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá wá pẹ̀lú Windows 8 tàbí èyí tó jù ú lọ láti ilé iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nínú motherboard. Ẹ ṣí PowerShell, tó jọ Command Prompt, ẹ tẹ `(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey`, tó bá wà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 á jáde. Ẹ pa á mọ́.

Ẹ má lọ wa kiráàkì, sọ́fúwíà tó ń fi ọ̀nà ẹ̀bùrú activate Windows. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ohun tó máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ pa áńtífáírọ́ọ̀sì yín, kẹ́ ẹ wá fún un láṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹ tiẹ̀ rò ó wò, ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí ló ní kẹ́ ẹ pa ajá kẹ́ ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fóun. Páswọ́ọ̀dù báǹkì yín wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Kí ọ̀rọ̀ "Activate Windows" máa wà ní igun sikirínì dáa jùyẹn lọ fíìfíì.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ tún Windows fi

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí fáìlì sì ti kúrò lórí ẹ̀, ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú Reset this PC, "Keep my files", ó máa fi fáìlì yín sílẹ̀ ṣùgbọ́n áàpù tẹ́ ẹ fi sí i máa lọ. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, ẹ gba Media Creation Tool láti sàìtì Microsoft fúnra ẹ̀, ẹ lò ó láti kó Windows sórí flash 8GB ó kéré tán, ohun tó bá wà lórí flash yẹn máa pa rẹ́, ẹ wá fi flash yẹn tan kọ̀ǹpútà tiyín. Ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ àpdéètì ọ̀fẹ́ tó máa ń wá fún gbogbo Windows 10 dúró láti 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà), RAM 4GB àti disk 64GB, ẹ wo bóyá kọ̀ǹpútà yín gbé e.

Nígbà tó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ò sì ní i lọ́wọ́, ẹ tẹ "I don't have a product key", ẹ yan Home tàbí Pro bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà tó bá ti activate rí, tí motherboard ẹ̀ ò yí padà, máa rí lísẹ́ǹsì ẹ̀ fúnra ẹ̀ bó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún un ní àkókò díẹ̀, ẹ tẹ `slmgr /xpr`, tó bá ní "permanently activated", ẹ dá fáìlì yín padà síbi tí wọ́n wà, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lórí hard disk àfikún yẹn.